Àtọ́kẹ́ Tí Ó Sun Ẹkún Ìyàwó Lẹ́ẹ̀mejì

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, ní oṣù kejì ọdún 1971, Àtọ́kẹ́ fi oríkì ará Ìṣẹ́yìn, àwọn ahunṣọ òfì, kí bàbá rẹ̀. Àṣìṣe kékeré ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Òfíkì. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, Ògúnbùnmi, ọmọ ọdẹ sì ni. Kò fọwọ́ kan òfì rí láyé rẹ̀. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà nínú dàńdógó, ó ń retí kí ọmọ òun fi ẹkún ìyàwó kí òun, gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ ṣe ń kí bàbá rẹ̀ lágbègbè wa. Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀, ó fi ìborùn nu ojú, ó gbé ohùn sókè, ó ní:

Ọmọ a-ranwú-kó-gùn-bí-ọ̀nà-oko,
Ọmọ olófì tí kì í jẹ́ kí ìhòòhò rìn nígboro.

Ògúnbùnmi wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bi ẹni tó jókòó tì í pé, “Ta ni wọ́n ń kí?”

“Ìwọ ni.”

“Èmi? Òfì? Èmi tí mo bá rí òwú lóko, tí mo máa ń rò pé ehoro ló tú irun sílẹ̀?”

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan máa ń sọ pé láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti mọ̀ pé ọmọ yìí yóò ba àṣà jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ ní ẹkún ló fa àṣìṣe náà. Abíọ́nà ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá Àtọ́kẹ́ ni. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti gbé òun àti àbúrò rẹ̀ wá, àwọn méjèèjì sì lọ́kọ sínú agbo ilé kan náà; ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Ìṣẹ́yìn. Oríkì ilé baba tirẹ̀ ló mọ̀ jù, òun náà ló sì kọ́ ọmọ. Abíọ́nà kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Padà sí ìbẹ̀rẹ̀.” Àtọ́kẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì kí ọdẹ bí ọdẹ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà náà. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tún rí àṣìṣe lẹ́nu rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun tí ó sun lọ́jọ́ náà wà lọ́wọ́ mi, nítorí òun fúnra rẹ̀ tún un kà fún mi nígbà tó yá. Apá kan nínú rẹ̀ nìyí:

Bàbá mi, mo ń lọ, ẹ súre fún mi.
Ilé tí mo ń lọ, n kò mọ igun tí wọ́n ń gbé ìgbálẹ̀ sí,
N kò mọ ẹni tí ń bínú bí a kò bá kọ́kọ́ kí i láàárọ̀.
Ìyá mi, ẹ bá mi di ọ̀rọ̀ kan mọ́ etí aṣọ,
Bí mo bá ṣìnà, kí n tú u, kí n bi í léèrè.

Kò sí orúkọ ọkọ níbẹ̀. Kì í sí níbẹ̀. Ìyàwó ń kí bàbá, ó ń kí ìyá, ó ń kí àwọn àgbà ilé, ó ń kí ààrò tó fi ń dáná àti ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde. Ọkọ, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sunkún, kò ní ìlà kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni obìnrin sì ń sun ún láyé, ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ sìn ín lọ ilé ọkọ. Bí opó bá tún fẹ́ ọkọ mìíràn, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀ lọ, kò sí ẹkún, kò sí ariwo.

Gbádébọ̀ ni ọkọ tí wọ́n sìn ín fún, àgbẹ̀ tábà, ẹni jẹ́jẹ́. Àwọn òbí méjèèjì ló ṣètò rẹ̀. Àtọ́kẹ́ kò bá a sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ kí ó tó wọ ilé rẹ̀. Ọdún kejì ni wọ́n bí Mọ́ládé, ọmọbìnrin wọn. Ìbímọ náà ṣe ìyá léṣe ní ìbàdí, kò lè gbé omi. Ni Gbádébọ̀ bá ń lọ sí kànga ní ìdájí, ọkùnrin àárín obìnrin, ìkòkò lórí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kígbe tẹ̀lé e pé, “Ìyàwó ilé wa, ẹ kú omi o!” Ó máa ń dá wọn lóhùn pé, “Ẹ kú àìwẹ̀ o!” Á sì máa lọ. Ìbàdí ìyàwó rẹ̀ sàn tán, kò sì jáwọ́ nínú omi pípọn. Ọdún 1977 ni paramọ́lẹ̀ bù ú ṣán lóko tábà. Wọ́n gbé e dé ìlú, kò rí ọjọ́ kejì.

Ìdílé rẹ̀ ní kí àbúrò rẹ̀ ṣú Àtọ́kẹ́ lópó. Àbúrò náà kò níkà nínú, kò sí ohun tó burú nínú bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní, “Gbádébọ̀ ni mo fẹ́. N kò fẹ́ ilé.” Ó mú Mọ́ládé dání, ó padà sí agbo ilé bàbá rẹ̀. Ògúnbùnmi ti kú nígbà náà, ìyá rẹ̀ náà kú ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Àtọ́kẹ́ ń se irú, ó ń tà á. Ṣùgbọ́n irú kọ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Abíọ́nà ti darúgbó, ohùn rẹ̀ ti ń já, àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ lọ ilé ọkọ wá ń wá sọ́dọ̀ Àtọ́kẹ́. Bí wọ́n bá ti wa iṣu tán, tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, wàá rí mẹ́rin, márùn-ún wọn lábẹ́ igi òrí tó wà lẹ́yìn ilé, tí wọ́n ń sọkún ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1980, kò sí ìyàwó tó kúrò ní Òfíkì tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn ìyá arúgbó ń dìde fún un ní àga. Ó sọ fún mi pé nǹkan kan ṣoṣo tí òun ní láyé yàtọ̀ sí ọmọ òun nìyẹn.

Ọdún 1982 ni Olúkúnlé wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ará Ìlerò ni, tíṣà ìtàn ní ilé-ìwé girama tuntun tí èmi náà ti ń kọ́ni ní Yorùbá. Àpọ́n ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, ó fi ọdún méjì kéré sí Àtọ́kẹ́. Ó ń kọ ewì. Ó ní ìwé àjákọ kan tí ó kún fún ewì ìfẹ́, ó sì máa ń kà á fún wa ní yàrá àwọn olùkọ́, yálà a bẹ̀ ẹ́ tàbí a kò bẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọ̀sán ni ó lọ, ó bá a nídìí ìkòkò irú.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Mọ́ládé.”

“Ẹ káàbọ̀, Tíṣà. Kí lẹ gbé lọ́wọ́ yìí, bí àpótí òkú adìyẹ?”

“Rẹkọ́dà ni. Yóò gba ohùn yín.”

“Yóò gbà á lọ síbo?”

“Yóò tún un sọ ni. Ẹ ó gbọ́ ara yín.”

“Mo ń gbọ́ ara mi láti ọjọ́ yìí, n kò tíì ṣàìsàn etí.” Ṣùgbọ́n ó nu ọwọ́, ó jókòó, ó sì sun ẹkún fún un títí kásẹ́ẹ̀tì fi parí ní ojú kìíní, tí wọ́n yí i padà. Olúkúnlé gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ni ó sọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ pé a kì í sọ nílé onílé.

“Ó dùn gan-an ni. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀: ìfẹ́.”

Àtọ́kẹ́ ní, “Ẹ tún un sọ.”

“Ìfẹ́ kò sí níbẹ̀, Ìyá Mọ́ládé. Ìbẹ̀rù ni, àti ìdágbére. Àwọn ará àtijọ́ kò kọ ewì sí ìfẹ́. Àwa ìsinsìnyí la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.”

“Háà. Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ èyí tí ẹ bẹ̀rẹ̀.”

Inú Olúkúnlé dùn. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó tún ọrùn ẹ̀wù ṣe, ó kà á:

Olólùfẹ́ mi, eyín rẹ funfun bí òwú tó là,
Ojú rẹ ń tàn bí òṣùpá tó kún,
Bí n kò bá rí ọ lónìí, oúnjẹ kò ní gba ọ̀fun mi kọjá.

Àtọ́kẹ́ dúró kí ó máa bá a lọ. Nígbà tí ó rí i pé ó ti tán, ó ní, “Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Kò lórúkọ. Obìnrin tí mo fẹ́ràn nínú ewì ni.”

“Ọmọ ta ni?”

“Ìyá Mọ́ládé, ewì ni.”

“Mo gbọ́. Ó ní eyín, ó ní ojú. Ewúrẹ́ mi tó wà lẹ́yìn yẹn náà ní méjèèjì. Ẹ kò sọ ọmọ ẹni tó ń ṣe, ẹ kò sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ kò sọ ohun tó ń bí i nínú. Tíṣà, bí obìnrin yìí bá sọnù lọ́jà, ta ni yóò fi ewì yín wá a rí?”

Olúkúnlé gbé rẹkọ́dà rẹ̀, ó lọ. Ó wá bá mi pé obìnrin kan tí ń se irú fi ojú ewì òun gbolẹ̀. Mo ní òótọ́ ló sọ. Ó bínú sí mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ó padà lọ síbẹ̀ láìmú rẹkọ́dà dání. Ó ti ronú, ó ti rí èsì.

“Ìyá Mọ́ládé, mo gba ẹ̀bi tèmi. Ẹ̀yin náà ẹ gba tiyín. Ẹ kí bàbá, ẹ kí ìyá, ẹ kí baálé, ẹ kí ààrò, ẹ kí òpó ilé. Ọkùnrin tí ẹ fẹ́ lọ sùn tì, ẹ kò fẹnu kàn án. Olè ni?”

“A kì í kí ẹni tí a kò tíì mọ̀. Lọ́jọ́ yẹn àlejò ni.”

“Ó dáa. Nígbà tí ẹ wá mọ̀ ọ́n tán ńkọ́? Ẹkún wo lẹ fi kí i?”

Àtọ́kẹ́ yíjú sí ìkòkò. Ó ro irú tó wà lórí iná, ó tún un rò. Olúkúnlé ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó jáwé olúborí, àfi ìgbà tó rí i pé omi ń bọ́ lójú obìnrin náà, kì í ṣe ti èéfín. Ó dìde, ó ní, “Ẹ má bínú.”

Àtọ́kẹ́ ní, “Ẹ jókòó. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí.”

Ó wá sọ ti Gbádébọ̀ fún un, ó sọ ti ìkòkò omi àti àwọn tó ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi gbé pọ̀. Kí ọdún kìíní tó parí ló ti mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n àsìkò ẹkún ti kọjá, kò sì sí ohùn mìíràn tí wọ́n kọ́ obìnrin láti fi sọ ọ́. Ó ní àwọn ará àtijọ́ mọ ìfẹ́. Ìfẹ́ àwọn ẹni tó tọ́ni ni wọ́n ń sọ, èyí tí ojú wọn ti rí; èyí tó wà níwájú, wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé e, wọn kò sì parọ́ nípa rẹ̀. “Ẹ̀yin,” ó nawọ́ sí ìwé Olúkúnlé, “èyí tó wà níwájú nìkan lẹ mọ̀, ẹ kò sì tíì débẹ̀ tí ẹ ti ń jẹ́rìí.” Ṣùgbọ́n ó gbà pé ìlà kan wà tó ṣẹ́ kù, tí kò sí nínú ti àtijọ́, tí kò sí nínú ti ìsinsìnyí.

Ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi jà sí i. N kò mọ ọjọ́ tí ìjà náà di nǹkan mìíràn, wọn kò sì sọ fún mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Olúkúnlé kò ka ewì fún wa mọ́ ní yàrá olùkọ́, gbogbo wa sì dúpẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1983, àwọn ẹbí rẹ̀ ti Ìlerò wá tọrọ Àtọ́kẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún èyí ṣe, nítorí wọ́n máa ń sọ ọ́ sódì: agbo ilé kò kọ ìgbéyàwó náà. Ládòkun, baálé, gba àwọn ará Ìlerò tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí Àtọ́kẹ́ sọ lẹ́yìn tí àlejò lọ tán ló dá ìjà sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, n ó sun ẹkún lọ́jọ́ náà.”

Ládòkun rò pé ó ń ṣeré. “Ẹkún wo?”

“Ẹkún ìyàwó.”

“O ti sun ún. Ó ṣojú mi. O fi òfì kí ọdẹ.”

“Mo ti sun ti àkọ́kọ́.”

“Òun náà ni ìkẹyìn! Àtọ́kẹ́, ìwọ tí ń kọ́ ọmọ ni mo fẹ́ máa kọ́? Ẹkún fífi ilé baba sílẹ̀ ni. O ti fi í sílẹ̀ láti ọdún mẹ́tàlá. Ilé wo lo tún fẹ́ fi sílẹ̀?”

“Mo padà wá. Ẹni tó padà wá, yóò tún lọ, Bàbá. Ẹsẹ̀ mi náà ni n ó fi lọ.”

Ládòkun kì í ṣe òǹrorò. Ó ṣàlàyé fún un gẹ́gẹ́ bí àgbà. Ó ní bí opó bá ń sun ún, tí adélébọ̀ ń sun ún, àwọn ọmọbìnrin kò ní gbà á gbọ́ mọ́ pé ọjọ́ náà wúwo. Ohun tí a bá ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rù rẹ̀ ti lọ. Ọ̀rọ̀ gidi ni, Àtọ́kẹ́ kò sì fojú di í. Ó ní, “Bàbá, lọ́jọ́ kìíní, mo sunkún ohun tí n kò mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo sọ. Ní báyìí mo ti mọ̀, ẹ wá ní kí n dákẹ́. Ta ni ẹkún náà wà fún nígbà náà?”

“Ó wà fún ilé.” Ládòkun dìde. “Bí o bá sun ún, kò ní sí ọmọbìnrin kan nínú ilé yìí tí yóò wá jókòó lábẹ́ igi òrí rẹ mọ́. N ó sì sọ fún àwọn baálé yòókù. Lọ ronú.”

Ó lọ ronú. Olúkúnlé fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi í sílẹ̀. “Ohun kan ṣoṣo tí ẹ ní nìyí. Kí ló dé tí ẹ ó fi jẹ́ kí wọ́n gbà á nítorí mi?”

“Ta ló sọ pé nítorí yín ni? N ó kí ọkọ mi níbẹ̀.”

“Èmi náà ni.”

“Rárá o. Gbádébọ̀.”

Olúkúnlé sún mọ́ ọn. Ó wá ní, “Ẹ kí i. Ẹni tó kọ́ yín ní ohun tí ẹ ń fẹ́, n kò ní bá a jà.”

Ìwé ìròyìn kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe lẹ́yìn náà kọ ọ́ pé Olúkúnlé ló kọ ẹkún kejì fún un. Irọ́ ni. Kò kọ lẹ́tà kan níbẹ̀. Odidi oṣù méjì ni Àtọ́kẹ́ fi ṣe é nídìí ìkòkò irú, kò sì jẹ́ kí ó gbọ́ ọ ṣáájú ọjọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀ ni ìgbéyàwó, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì ọdún 1984, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Èmi wà níbẹ̀. Mo dúró lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú àwọn ará Ìlerò méjì tó wá kó ẹrù. Nígbà tí Àtọ́kẹ́ jáde nínú aṣọ òfì, gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì. Nínú ooru oṣù kejì ní Òkè-Ògùn, ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ lọ́sàn-án, àṣẹ baálé ló tì í mọ́lé. Àwọn ẹgbẹ́ ìyàwó tó yẹ kí wọ́n yí i ká kò sí. Ó kọ́kọ́ lọ sí ojú oórì bàbá àti ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin kò rí ilẹ̀kùn tì.” Ó gbé ohùn sókè:

Ẹ̀yin ará ilé, mo tún gbé ẹkún dé.
Ẹ ní ẹ̀ẹ̀kan là ń sun ún. Ta ló bá mi ka omi ojú mi?
Lọ́jọ́ kìíní mo sunkún ọ̀nà tí n kò rìn rí,
Lónìí mo ti rìn ín, mo mọ ibi tó ti ń gún lẹ́sẹ̀.

Láti ibẹ̀ ó kọjá sí iwájú ilé Ládòkun. Baálé nìkan ni kò tilẹ̀kùn, nítorí kò lè sá pamọ́ nínú ilé tirẹ̀. Ó jókòó síta, ṣùgbọ́n bí ó ti rí Àtọ́kẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbé àga rẹ̀ yí, ó kọjú sí ògiri. Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Mo kí ẹ̀yìn yín, Bàbá. Ẹ̀yìn baálé náà, baálé ni.” Ó sì fi oríkì rẹ̀ kí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dín ìlà kan kù, kò fi ẹnu wọ́ ọ. Àwọn tó ń sọ pé ó bú Ládòkun kò sí níbẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Mo rí etí arúgbó náà tó ń gbọ̀n, n kò sì mọ̀ bóyá ìbínú ni.

Ó ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ó ń kúnlẹ̀ síwájú pákó ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ó ti kọjá ilé Abíọ́nà, ó ti fẹ́ yà sí ẹnu ọ̀nà àbájáde, nígbà tí ohùn kan tó ti gbó jáde láti inú yàrá:

“Àtọ́kẹ́! O kò tíì kí ààrò!”

Àtọ́kẹ́ dúró. “Ìyá, ẹ kò ṣílẹ̀kùn.”

“Mo sọ fún ọ pé mo ṣí i? Kí ààrò, jàre. Àbí ìta lo ti ń jẹun láti kékeré?”

Ó padà, ó kí ààrò. Lẹ́yìn èyí ni ó wá sọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí nínú ẹkún ìyàwó, ní àárín agbo ilé, nínú oòrùn, kò rẹ ohùn sílẹ̀:

Gbádébọ̀, ìwọ tí ń pọnmi kí n tó jí,
Tí ẹgbẹ́ ń fi ọ́ ṣẹ̀sín, tí o ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín,
Ọdún mẹ́fà, wọn kò kọ́ mi ní ohùn tí n ó fi kí ọ.
Ilẹ̀ ti gbà ọ́. Mo kí ọ lónìí, n kò tọrọ àyè.
Olúkúnlé ará Ìlerò, ọmọ àgbẹ̀ oníṣu,
Ọlọ́wọ́ ṣọ́ọ̀kì, ẹlẹ́nu àríyànjiyàn,
Tí ẹ̀wù rẹ̀ ya lẹ́yìn tí kò mọ̀,
Mo mọ ẹni tí mo ń bá lọ, ojú mi là sílẹ̀.
Wọn kò mú mi fún ọ. Èmi ni mo mú ọ.

Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lórókún. Àwọn ará Ìlerò gbé ẹrù rẹ̀, ó tẹ̀lé wọn jáde. Kò bojú wẹ̀yìn. Olúkúnlé dúró sí ìta ògiri pẹ̀lú Mọ́ládé, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fọwọ́ wá ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀. Ó ya lóòótọ́.

Ládòkun ṣe ohun tí ó ní òun yóò ṣe. Ìyàwó méjìlá ló jáde ní Òfíkì láàárín ọdún tó tẹ̀lé e, kò sí ọ̀kan tó jókòó lábẹ́ igi òrí. Àwọn ìyá tó ń dìde fún Àtọ́kẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń wo ẹsẹ̀ wọn bí ó bá ń kọjá. Ó dùn ún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò dùn ún. Mo bá a nígbà kan tó ń sun ẹkún fún ara rẹ̀ nídìí ìkòkò, ohùn àkọ́kọ́, ti àtijọ́, kí ó má baà gbàgbé.

Ní ìparí ọdún náà, Ládòkun rán àgbà méjì sí i ní ilé tí Olúkúnlé gbà. Wọ́n ní kò le: kí ó wá kúnlẹ̀ níwájú agbo ilé, kí ó ní òun ṣìṣe, àwọn ọmọbìnrin yóò sì padà wá. Ó fún wọn lómi, ó fún wọn lóbì.

“Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Bí mo bá kúnlẹ̀ pé mo ṣìṣe, kí ni mo máa kọ́ àwọn ọmọ náà?”

“Ohun tí o ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ ni.”

“N ó kọ́ wọn. Tọkàntọkàn ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá bi mí pé, ‘Ìyá, nígbà tí mo bá wá mọ̀ ọ́n tán ńkọ́?’ ẹ ní kí n purọ́ fún un?”

Èkíní nínú àwọn àgbà náà ní, “Wọn kì í béèrè.”

“Wọn á béèrè. Wọn á gbọ́ pé ẹnì kan dáhùn.”

Wọ́n jẹ obì tán, wọ́n lọ. Kò lọ kúnlẹ̀. Ní ọdún 1985, wọ́n pè é sí ìdíje àṣà kan ní Ìṣẹ́yìn. Ó sun ti àkọ́kọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó mí, ó bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ẹni tó ń darí ètò náà dá a dúró, ó ní ojúlówó nìkan ni àwọn ń fẹ́. Àtọ́kẹ́ ní, “Ẹnu mi kan náà ni méjèèjì ti jáde,” ó sì ń bá a lọ títí ó fi dé òpin. Wọn kò fún un ní ipò kankan. Ó wọ ọkọ̀ padà sí Òfíkì pẹ̀lú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tí wọ́n fún gbogbo olùkópa.

Abíọ́nà kú ní oṣù kẹta ọdún 1986. Ìjọba gbé Olúkúnlé lọ sí Ìlerò ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ìdílé náà sì kó lọ. Nígbà tí mo gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn, ní oṣù kìíní ọdún 1989, Àtọ́kẹ́ wà ní Ìlerò, nínú ilé yàrá méjì kan lójú ọ̀nà oko. Ó ń se irú, ọmọbìnrin mẹ́ta sì ń wá kọ́ ẹkún ìyàwó lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.